Ràkúnmí, Igi Dàbínù àti Ìbínú Mi

Dádì mi,

Inú ń bí mi sí yín. Mo ṣàdúrà fún yín lẹ́yìn ìrun Àsùbá bí mo ṣe máa ń ṣe, ìbínú náà kò lọ.

Mo ti wọ yunifásítì. Èdè Lárúbáwá ni mo ń kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa pín ìwé kan fún wa, ó ní kí n kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Mo ń mì síwájú sẹ́yìn, mo ké e bí ẹ ṣe kọ́ wa láti máa ké Kùránì ní pálọ̀ wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo fa ibi tó yẹ kí n fà, mo sì fi àdúrà parí rẹ̀. Ẹnì kan nínú kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Dádì, ìwé àgbẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igi dàbínù ló wà níbẹ̀. Olùkọ́ bi mí léèrè ohun tí mo kà, n kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Nílé wa, ohun mímọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n bá fi Lárúbáwá kọ. Páálí dàbínù lásán tí ẹ rà ní Rye Lane, ẹ kò jẹ́ ká jù ú sí bíìnì nítorí ìkọ̀wé ara rẹ̀. Ẹ ń tò wọ́n sórí wọ́dúróòbù.

Olùkọ́ wá ṣàlàyé fún wa. Láti ara lẹ́tà mẹ́ta, láámù, káfù àti háà, ni àwọn Lárúbáwá àtijọ́ ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò bí abo ràkúnmí bá lóyún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí èyí tí wọ́n ń lò bí àgbẹ̀ bá gun abo igi dàbínù, tó fi òdòdó akọ sí i kí ó lè so. Ẹranko àti igi, ẹbí kan náà! Ó dùn mọ́ mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo dorí kodò kí wọ́n má baà rí mi.

Ìgbà yẹn ni inú tó bí mi. Láti kékeré ni mo ti ń ké ọ̀rọ̀ kan nínú ẹbí yẹn níwájú yín, níbi tí Kùránì ti sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?

Lẹ́yìn ikú yín, àwọn àgbà mọ́sáláásí ní kí n gba kíláàsì kéwú Sátidé yín. Mo sọ fún Mọ́mì pé n kò tó o, pé n kò mọ ìtumọ̀. Iṣu tí wọ́n ń bó, wọn ò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ta ló bi ẹ́ léèrè ìtumọ̀? Ohùn Dádì ẹ ni wọ́n fẹ́ gbọ́."

Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, Dádì? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí ẹ fi pa á mọ́ fún mi? Bí ẹ kò bá sì mọ̀ ọ́n, ta ni ẹ̀ ń bẹ̀rù? Èmi? À bá jọ kọ́ ọ. Mo fẹ́ dárí jì yín, n kò kàn mọ èyí tí mo máa dárí rẹ̀ jì yín nínú méjèèjì.

Mo ti gba kíláàsì náà. Lọ́jọ́ Sátidé, n óò jókòó síwájú àwọn ọmọ náà. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí n kò mọ̀, n óò sọ fún wọn pé n kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò gbọ́ lẹ́nu yín rí.

Èmi ọmọ yín, tí inú ń bí, tí àárò yín sì ń sọ.