Màmá Ọ̀pá, Ẹni Tó Wọn Ilẹ̀ Olómi fún Ọdún Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

A bí Màmá wa ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1945, nínú ilé pákó kan létí odò. Apẹja ni bàbá tó bí wọn. Ìyá wọn ń fi koríko etí omi hun ẹní. Ọmọ kẹta ni Màmá nínú ọmọ méje.

Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà kí bàbá wọn tó kú. Inú àpòòwé ni ìyókù ti wá: ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi gba ẹ̀kọ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń dáhùn ìbéèrè lórí tábìlì ìdáná. Ní 1968, wọ́n wọ ilé iṣẹ́ omi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wọn omi àti ilẹ̀ olómi. Ní 1970, wọ́n di aya káfíńtà kan tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ọ̀pá gígùn kan tó fín àmì ìwọ̀n omi sí lára ló fi ta ìyàwó lọ́rẹ, bí àdúgbò ṣe sọ wọ́n di Màmá Ọ̀pá nìyẹn.

Títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 1999, Màmá kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pe gbogbo ilẹ̀ olómi ní orúkọ kan. Àbàtà ni ti koríko gíga, níbi tí ẹja ń yé sí. Irà ni ti igi ńlá, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ń gbé ènìyàn mì. Létí òkun, igbó kan wà tí gbòǹgbò igi rẹ̀ dúró sínú omi iyọ̀, tó ń gba ìgbì mọ́ra kó tó dé ilé ènìyàn. Àkùrọ̀ ló ń tan aláìmọ̀ jẹ: ó ń kún lójò, ó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣòfin pé ẹni tí kò bá tíì wọn ilẹ̀ lójò àti lẹ́ẹ̀rùn kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Nínú ìjọ, ogún ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá pẹ́ á dúró síta. Pásítọ̀ pàápàá dúró síta lẹ́ẹ̀kan.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ kọ́ ilé ìtajà sórí àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Wọ́n ní kí àkọ́bí Màmá, tó jẹ́ ẹnjiníà, yẹ ilẹ̀ náà wò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó rìn ín já, bàtà rẹ̀ kò tutù, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló lò.

Màmá gbọ́. Wọ́n ní, “Ẹnjiníà mi, bàtà rẹ lo wọ̀n, o ò wọn ilẹ̀.” Wọ́n kó ìwé ìṣirò omi wọn lọ bá ìgbìmọ̀. Alága rẹ́rìn-ín: “Màmá, ẹ jẹ́ kí ìfẹ̀yìntì yín tù yín lára. Ọmọ yín ti fọwọ́ sí i.” Ìgbìmọ̀ da iyanrìn dí àkùrọ̀ pátápátá.

Òjò ọdún 2023 kò rí ibi tí yóò gbé mọ́, yàrá wa ló wá. Màmá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, dúró nínú omi tó dé orúnkún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń to ìwé ìṣirò omi wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Òtútù wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, wọ́n dákẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run ti fún omi ní ibùgbé tirẹ̀. Ènìyàn ló dí i, orúkọ ọmọ bíbí inú Màmá sì ló wà nísàlẹ̀ ìwé.

Màmá fi ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àbúrò kan sílẹ̀. Àkọ́bí wọn ti kọ ìwé mìíràn láti fi fagi lé ti àkọ́kọ́, ó sì ní kí wọ́n kó iyanrìn náà kúrò. Ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ojú ewé kẹjọ ìwé ètò ìsìnkú yìí. Kí alága ìgbìmọ̀, tó jókòó sí ìlà iwájú, ṣí i. A ó dúró títí yóò fi kà á tán, kí a tó gbé pósí.

Màmá, orí òkè la gbẹ́ ilé yín sí. Omi kò ní bá yín níbẹ̀. Ẹ sinmi.