Ìlà Tí Wọ́n Fà Lé Hiyam Lórí

Hiyam, ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́rin géérégé lónìí, ní àsìkò tí a ń ká èso ólífì, tí gbogbo abúlé ń rùn fún òróró tuntun, tí ẹ̀gbọ́n rẹ Najla sì ń fi ìborùn dí imú kọjá níwájú ilé tí wọ́n ti ń fún ólífì. Òróró tí gbogbo agbègbè Kura wa fi ń yangàn ti di ohun ìríra fún un. O mọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ni Ghadi ọmọ rẹ nígbà tí o kú. A ti tẹ́ ọ sórí bẹ́ẹ̀dì bí a ti ń tẹ́ gbogbo abiyamọ tuntun, kí o lo ogójì ọjọ́ níbẹ̀, kí atẹ́gùn má fẹ́ sí ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kan ilẹ̀ tútù. Àwọn àlejò ń jẹ mughli, ògì aládùn tí a ń sè nítorí ọmọ tuntun, ní pálọ̀, wọ́n ń ṣàdúrà. Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì rẹ wú, tó pọ́n, tó gbóná, ta ló ronú kan dókítà? Najla gbé òróró kaná, ó jókòó sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ra ẹsẹ̀ náà, ó ń fún un láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan, láàárọ̀ lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra, ó ń dùn mí o."

Ó ní, "Fara dà á. Òtútù ìbímọ ló kó síbẹ̀. Á jáde."

Ó jáde lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ẹsẹ̀ náà já, ó gba inú iṣan lọ dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ, o sì kú kí ife omi tí o ní kí wọ́n bù wá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Láti ìgbà náà ni Najla ti ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fọwọ́ kan ìgbẹ́. A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ní báyìí, kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló kórìíra mọ́. Ìyẹn gan-an la fẹ́ ròyìn fún ọ.

O rántí Dókítà Munif, àbí o ò rántí? Afínjú ọkùnrin tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Beirut, ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí nípa àwọn ìdílé tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tètè dì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí Bàbá lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. O ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ, o ní, "Dókítà, ẹ má fà mí gbẹ o!" Ó bá wa jẹun. Ó gbé gálọ́ọ̀nù òróró kan lọ. Ó ní tó bá di oṣù mẹ́ta, a ó gbọ́ èsì. A retí títí, a gbàgbé.

Lẹ́yìn tí a sin ọ́, ó pè lórí fóònù láti bá wa kẹ́dùn. A ní, ẹ ò rí ọmọlúwàbí! Ó bi Najla ní iye ọjọ́ tí o ti bímọ kó tó ṣẹlẹ̀. Ó bi í pé ẹsẹ̀ wo ló wú. Najla ń sunkún, ó ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún ń dúpẹ́. Ṣíọ̀! Ó ń dúpẹ́!

Lọ́dún tó kọjá, Rudayna àbúrò rẹ lóyún. Ọkọ rẹ̀, Nassif olùkọ́, ń wá ohun tó máa kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa ẹsẹ̀ wíwú, ló bá ṣe kòńgẹ́ ìwé tí Munif kọ. Kò sí orúkọ wa níbẹ̀. "Ìdílé Keje" ni wọ́n pè wá. Àmọ́ bàbá tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó bí obìnrin mẹ́ta láìbí ọkùnrin, ní abúlé ólífì, mélòó ló wà? Wọ́n ya ìdílé wa síbẹ̀. Àmì onígun mẹ́rin ni ọkùnrin, àmì róbótó ni obìnrin. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tètè dì, tí oyún àti ìbímọ sì lè fi í sínú ewu, wọ́n kun tirẹ̀ ní dúdú. Ti Najla funfun. Tìrẹ dúdú, wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n rí i sábẹ́ rẹ̀: kí o tó lóyún Ghadi rárá.

Wọ́n wá fa ìlà kan dábùú róbótó tìrẹ. Nassif ní ìtumọ̀ ìlà náà ni pé ẹni yẹn ti kú.

Munif mọ̀, Hiyam! Ó mọ̀ kí o tó lóyún. Ó mọ̀ nígbà tó ń bá Najla kẹ́dùn. Ó gbọ́ bí o ṣe kú, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú rúlà.

Róbótó ti Rudayna náà dúdú. Ìlà nìkan ni kò tíì sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni Najla gba Beirut lọ. Munif ní kí wọ́n gbé kọfí fún un. Ó kọ̀, kò fẹnu kàn án, o sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá kọ kọfí onílé, ẹjọ́ ló bá wá. Munif ní, "Arábìnrin, ẹ fara balẹ̀. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí sọ pé ìwádìí lásán ni, kì í ṣe ìtọ́jú."

"Ìwé lẹ ń kà fún mi? Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pè mí kí ẹ lè mọ bó ṣe kú. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí kó má baà kú?"

"Èmi náà ní àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń..."

"Àbúrò mi tó kù lóyún oṣù mẹ́ta. Dúdú lẹ kùn ún. Ìgbà wo lẹ fẹ́ pè wá? Àbí ìlà lẹ ń dúró dè?"

Ọkùnrin náà ní inú òun bàjẹ́. Najla ní kó pa inú bíbàjẹ́ rẹ̀ mọ́, kó kọ orúkọ abẹ́rẹ́ tó yẹ kí Rudayna gbà, kó sì pe dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ níṣojú òun. Ó kọ ọ́, ó pè é. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Hiyam!

Ojoojúmọ́ ni Najla ń gún Rudayna lábẹ́rẹ́ níkùn, bí dókítà ṣe kọ́ ọ, títí dìgbà ìbímọ, ó sì tún ń gún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ tó kórìíra yẹn ló fi ń ṣe é. Ní ọjọ́ kejì ìbímọ, ó di abiyamọ mú, wọ́n ń rìn yí àgbàlá ká. Ìyá Nassif gbé ìgò òróró dé, ló bá figbe ta: "Ta ló ń mú abiyamọ rìn nínú atẹ́gùn? Ṣé ẹ fẹ́ pa ìyàwó ọmọ mi ni?"

Najla ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Èyí tí a fi sórí bẹ́ẹ̀dì, a ti sin ín."

Ìyá náà gbé òróró rẹ̀, ó lọ fi dín ẹyin fún wọn.

Ọmọbìnrin ni Rudayna bí, ó ti ń jókòó. Ọkọ rẹ ti parí òkè ilé tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀, fèrèsé tí o fẹ́ sì kọjú sí oko. A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Ghadi wò, èsì jáde lọ́jọ́ kẹjọ: bíi tìrẹ ló rí. A mọ̀, dókítà rẹ̀ mọ̀, òun náà máa mọ̀. Ní ti Munif, a gbọ́ pé wọ́n fi ẹ̀yẹ dá a lọ́lá nítorí ìwé yẹn. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Tùh!

Lánàá, Najla ya ìdílé wa tuntun sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Kò sí Ìdílé Keje níbẹ̀, orúkọ wa ló kọ. Ó kun tìrẹ ní dúdú, ó kun ti Rudayna, ó kun ti Ghadi, torí kò ní sí ẹni tí yóò fi pamọ́ fún ọmọ wa mọ́. Rudayna bi í léèrè pé ṣé kò gbàgbé ìlà tìrẹ.

Ó ní, "Mi ò gbàgbé. Mi ò fà á ni."

Ara ògiri ilé ìdáná la lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí o máa ń dúró sí. Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ, Hiyam. Àárò rẹ ń sọ wá, ìfẹ́ rẹ ò kúrò lọ́kàn wa, kò sì sẹ́ni tó máa fa ìlà lé ọ lórí nínú ilé yìí.