Abẹ́rẹ́ Inú Ṣòkòtò Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ìyá wa ní ojú àwọn ti ń ríran dáadáa. Nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tí ẹ fi ránṣẹ́ fún òrùlé, ogún péré ló bá òrùlé lọ. Ẹ má bínú, mo ti ná ọgọ́rin tó kù láìbéèrè.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá ló ti kú tipiri látọjọ́ yìí. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Mo gbé wọn lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán iṣan inú ara. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni owó rẹ̀.

Obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ní kí wọ́n kó gbogbo irin sílẹ̀. Bàbá yọ aago. Obìnrin náà yẹ ṣòkòtò wọn wò, ó bá abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbàgbé sí etí rẹ̀. Ó ti gún wọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ.

“Bàbá, kò dùn yín ni?”

“Téèlọ̀ wo ni abẹ́rẹ́ kì í bá rìn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú wọn ò rẹ́rìn-ín.

Dókítà wọn iṣan ẹsẹ̀ náà lórí àwòrán. Ó ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Ó ní àìsàn ṣúgà ló fà á, kí wọ́n lo oògùn rẹ̀, kí wọ́n sinmi ẹsẹ̀. Wọn yóò tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Bàbá ní àwọn á ránṣọ san gbèsè owó àwòrán tó kù. Ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ! Mo ti yọ awọ tó ń yí i, mo fi í pa mọ́. Ẹ bá mi pè wọ́n, tiyín ni wọ́n ń gbọ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún.

Àbúrò yín.

Gbèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀dógún náà ṣì wà nílẹ̀.