Àwọn Oníbàárà Inú Kọ̀ǹpútà

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kirkissoye, àdúgbò tí ọkọ mi mú mi wá nílẹ̀ àwọn elédè Faransé. Ara mi yá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo rù nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, ooru ni.

Ẹ rántí pé ẹ̀rù ń bà mí kí ìwé mẹ́rin péré tí mo kà má lọ máa ti ọkọ mi lójú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé oúnjẹ lọ fún un níléèwé tó ti ń ṣe tíṣà. Hàdìzà, ọ̀kan lára àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, bi í bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà níbí pé, "Mùsíọ̀, olóúnjẹ ni?" Ojú rẹ̀ ò kúrò lára kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn. Mo jókòó sẹ́yìn.

Wọ́n ń ṣe àfarawé ọjà sínú kọ̀ǹpútà. Àmì róbótó-róbótó ni oníbàárà: wọ́n á wọ ìsọ̀ aláṣọ, wọ́n á san iye tó bá pè, wọ́n á lọ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Ọkọ mi ní, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Oníbàárà yín kì í nájà ni? Ṣebí ó yẹ kó ṣe bí ẹni ń lọ, kí aláṣọ pè é padà."

Hàdìzà túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, wọ́n tún un ṣe. Màámi, àwọn àmì náà ń lọ, wọ́n ń padà! Hàdìzà pariwo, "Ẹ wo ahun yẹn, ó padà lẹ́ẹ̀mẹta!"

Ọkọ mi fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ fún mi. Ó sọ fún gbogbo wọn pé, "Ìyàwó mi nìyí."

Ó ní kí n tún wá ní Tọ́sìdeè.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún Mọ́rìlíátù àbúrò mi pé kó má fi iléèwé sílẹ̀ o.

Ànísátù yín