Àwòrán Purotéènì Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Bọ̀dá Nùrẹ́nì,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Màmá ti ń yá níbí ní Joju, ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́.

Bọ̀dá mi, yunifásítì ti da iṣẹ́ ìwádìí mi nù. Àwòrán purotéènì kòkòrò ibà tí ẹ fi ránṣẹ́, tí ẹ búra pé ẹ ti yẹ̀ wò, àbá kọ̀ǹpútà lásán ni, wọn ò tíì fi àyẹ̀wò gidi jẹ́rìí sí i. Kọ̀ǹpútà tó yà á ti fi àwọ̀ ọsàn kun ibi tí oògùn tí mò ń wá máa so mọ́, láti kìlọ̀ pé ibẹ̀ kò dá òun lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò bi mí níwájú àwọn tó kù pé, "Ta ló ní kó o gbà á gbọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ẹ tiẹ̀ ṣí i wò?

Àbúrò yín,
Afeezat