Orúnkún Mi Ti Ń Tẹ̀

Bàbá mi,

Ara mi ti ń mókun, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti tún iṣan orúnkún mi ṣe, èyí tó já nígbà tí mo ṣubú níbi eré síkíì lórí yìnyín. Ilé wa ní Peckham ni mo wà báyìí.

Lánàá, mo kírun Àìlá lórí ẹní dípò àga. Orúnkún tẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè dìde. Hamid ọkọ mi ló gbé mi. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo ní, “Gbé bàtà síkíì mi fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.”

Ó ní, “Kí ni dókítà sọ fún ẹ? Ṣé o ò ní lè ṣeré síkíì mọ́ ni?”

Mo ní kó má bi mí. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.

Ẹ bá mi kí Mọ́mì. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ nù.

Mìsítúrà yín