Bọ́lánlé, Ìwọ Kò Féèlì

Ayépé-Ìjẹ̀bú,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, 1986.

Bọ́lánlé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó mú wa la òjò ọdún yìí já kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí etí kò fẹ́ gbọ́ nípa yín. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Gàrí ọdún yìí kan dáadáa, ewúrẹ́ dúdú tí o mọ̀ yẹn sì ti bí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná Èkó sí Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. O ní yunifásítì ti fi ìdánwò GCE tí o dá kà nílé gbà ọ́ láti kọ́ nípa ètò ìròyìn okòwò, pé ìrọ̀lẹ́ ni ẹ óò máa lọ lẹ́yìn iṣẹ́, pé ọdún márùn-ún ni. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo kéde pé ọmọ mi máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn lórí rédíò. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Sàlàkọ́ tó ń tún rédíò ṣe ra bátìrì tuntun nítorí rẹ, ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ìròyìn aago mẹ́rin, ó ní òun kò tíì gbọ́ ohùn rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ Frederick ló tọ́ mi sọ́nà nígbà tó ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Odogbolu wálé. Ó ní kì í ṣe rédíò, ó ní ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà, òun ni ẹ óò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò fún òwò, kí ọ̀gá lè mọ iye ẹrù tó wà nílé ìkẹ́rù láì dìde lórí àga. Ó ní òun ti rí ọ̀kan rí ní Abẹ́òkúta, inú yàrá tútù ni wọ́n gbé e sí, ẹni tó bá fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà. Mo ronú sí èyí. Ọmọ mi, bọ́ bàtà bí wọ́n bá ní kí o bọ́ ọ, ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n má kúnlẹ̀ fún un o, Kristẹni ni wá. Kí o sì mú súwẹ́tà dání. Frederick tún ní ẹ̀rọ náà kì í gbàgbé ohun tí a bá sọ fún un, àfi bí iná bá lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Èmi náà ń gbàgbé nǹkan báyìí, iná kò sì lọ.

Ní ti fọ́ọ̀mù ọjọ́ orí tí o ní kí n kọ kí n sì mú lọ sí kọ́ọ̀tù, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, nítorí mo ka ìwé mẹ́fà. Ibì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni kó kọ nǹkan sí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà, òṣìṣẹ́ wo ló jù mí lọ ní Ayépé? Mo bá kọ orúkọ mi síbẹ̀ gàdàgbà. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní Ìjẹ̀bú-Òde wò ó títí, ó ní òun gan-an ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wí. Ó fún mi ní òmíràn, ó ní kí n lọ mú ìwé ìrìbọmi rẹ wá kí òun lè mọ ọdún tí a bí ọ.

Ìwé ìrìbọmi yẹn ló gbé mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Mo tú àpótí pákó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo rí i, 1947 ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ìwé mìíràn lábẹ́ rẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bọ́lánlé, ní ọdún 1960, ọdún kan náà ni ìwọ àti Frederick ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama, ìwọ ti àwọn obìnrin, òun ti àwọn ọkùnrin. Mo sọ fún yín pé ẹ̀yin méjèèjì féèlì. Frederick nìkan ló féèlì. Ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ wọlé tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wò ó pé bí àbúrò obìnrin bá lọ, tí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin jókòó sílé, ojú yóò ti ọmọ náà, ojú yóò sì ti èmi bàbá rẹ̀. Mo bá fi í pamọ́. Kì í ṣe pé owó kò sí, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́dún náà. O sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà o lọ kọ́ iṣẹ́ táípù. Nígbà tí Frederick tún ìdánwò ṣe tó sì yege, ìwọ lo bá a lọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, pé o ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, pé àwọn tí ẹ óò jọ jókòó ní kíláàsì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ rẹ, àti pé láti kékeré ni orí rẹ kò ti fi bẹ́ẹ̀ gbé ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Èmi ni mo fi í sí ọ lẹ́nu. Orí rẹ gbé ìwé. Ìwọ kò féèlì. Mo fi ìwé náà sínú lẹ́tà yìí, ikán ti jẹ ẹ́ létí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ṣì hàn.

Mo ti sọ fún ìyá rẹ, òun náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń gbé oúnjẹ síwájú mi tó ń yí padà, kò bá mi sọ nǹkan kan. Mo sọ fún Frederick pẹ̀lú. Ó ní òun kò mọ ojú tí òun yóò fi wò ọ́. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n èmi ni mo wọ aṣọ yẹn.”

Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí inú bá ń bí ọ, jẹ́ kó bí ọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má tìtorí ìbínú rẹ sí mi fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀.

Ní ti owó, èyí tí ò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, dá a dúró, fi ra ìwé. Àmọ́ bí nǹkan bá ṣẹ́kù, bá mi wá owó gíláàsì ojú, nítorí Frederick ní lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń tẹ èsì ìdánwò kéré bí ẹyin èèrà. Èsì ìdánwò rẹ, ọwọ́ ara rẹ ni kó máa dé sí láti ìsinsìnyí lọ. Bí o bá kà á tán, tó bá wù ọ́, kí o fi hàn mí.

Olúwa yóò ṣí ọ níyè. Níbi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé bá ti yá ju tìrẹ lọ, sùúrù rẹ yóò bá wọn níwájú. Bí o ti ń ti ibi iṣẹ́ gba kíláàsì lọ, o ò ní fẹsẹ̀ kọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Theophilus Olúyọmí.

Ìyá rẹ wọlé bá mi bí mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa. Ó lanu bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó ní kí n kọ èyí sí i, kí n má sì yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò: “Ọmọ mi, èmi ń bọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Èmi yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́ tí o bá wà ní kíláàsì, títí ọdún márùn-ún yóò fi pé. Bàbá rẹ yóò máa se oúnjẹ tirẹ̀.” Mo ti kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.